Pákó Omifunfun Lábẹ́ Ẹsẹ̀ Ẹṣin

Ẹ fi àga yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi. Bí mo bá jókòó sí i báyìí, kò ní pẹ́ tí màá tún fi dìde, ẹ ó sì tún máa wojú ara yín. Mo mọ ohun tí ẹ máa ń sọ lẹ́yìn mi. Ẹ ní bàbá yìí kò lè wà lójú kan, bí kò bá lọ sí ẹnu ọ̀nà á lọ sí ẹ̀yìnkùlé, bí kò bá wo ojú ọ̀run á máa fọwọ́ kan férémù ilẹ̀kùn bíi pé ẹnìkan fẹ́ jí i gbé. Òótọ́ lẹ sọ. Ara mi kò balẹ̀. Ẹni tó ti fi ayùn àti òòlù jẹun láti kékeré, bí wọ́n bá ní kó káwọ́ gbera nítorí pé ó ti dàgbà, ọwọ́ yẹn á máa wá iṣẹ́ kiri bí ewúrẹ́ tó já okùn.

Ọ̀nà márosẹ̀ tó wà níwájú wa yìí, ariwo rẹ̀ kò yé mi mọ́. Tírélà ń lọ, tírélà ń bọ̀, bọ́ọ̀sì ń fun fèrè, ọ̀kadà ń gba àárín wọn kọjá bí eṣinṣin. Ariwo kan náà ni gbogbo wọn ń pa. Láyé ìgbà tiwa, bí mo bá wà nínú ilé, mo máa ń mọ ọkọ̀ tó ń bọ̀ kó tó yọ. Bí agbégilódò bá ru gẹdú jáde láti inú igbó, tó ń bọ̀ láti apá Odígbó, abọ́ tó wà lórí pẹpẹ á máa gbọ̀n. Bó bá jẹ́ bọ́lẹ̀kájà ló ń bọ̀, pákó ara rẹ̀ lo máa kọ́kọ́ gbọ́, á máa ké kìrìkìrì bíi pé ó ń bá àwọn èrò inú rẹ̀ jiyàn. Mo mọ igbe yẹn dáadáa, nítorí àwa la kan pákó náà.

Iṣẹ́ tí mo ṣe nìyẹn. Ẹ̀yin rò pé kápẹ́ńtà onílé ni mí, tó ń kan àga àti bẹ́ẹ̀dì. Ọkọ̀ ni mo ń kàn. Nígbà náà, ẹ́ńjìnnì àti ṣáásì lásán ni ọkọ̀ máa ń jẹ́ nígbà tó bá dé láti Èkó. Awakọ̀ á jókòó lórí àpótí, á wà á bọ̀ bẹ́ẹ̀, atẹ́gùn á máa fẹ́ ẹ lójú, eruku á ti sọ irun rẹ̀ di pupa kó tó dé Ore. Àwa la ó wá wọ ọkọ̀ náà láṣọ: ilẹ̀ rẹ̀, ìhà rẹ̀ méjèèjì, òrùlé rẹ̀, àti bẹ́ǹṣì tí èrò ń jókòó lé. Igi apá la fi ń tẹ́ ilẹ̀, nítorí apá kò bẹ̀rù omi, ikán kì í sì í rí i jẹ. Ìrókò la fi ń ṣe òpó. Ọ̀mọ̀ la fi ń ṣe ìhà, torí ó fúyẹ́. Igi kò wọ́n wa. Inú ihò ni wọ́n ti ń la gẹdú, ẹnìkan lókè, ẹnìkan nísàlẹ̀, wọ́n á máa fa ayùn gígùn láàárín ara wọn, orin ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Ẹni tó wà lókè ló máa ń lé orin. Ẹni ìsàlẹ̀ kì í lè gbè é tán, nítorí bó bá la ẹnu jù, lẹ́búlẹ́bú igi ló máa gbé mì.

Inú ọkọ̀ onípákó yẹn ni àwọn ènìyàn tó kún ilẹ̀ yìí gbà wá. Àwọn tó wá dáko kòkó láti Ọ̀ṣun, láti Èkìtì, láti ilẹ̀ Ìgbómìnà, wọ́n á gbé ìkòkò lé ẹsẹ̀, wọ́n á ká ẹní sí abíyá, adìyẹ wọn á máa pariwo lábẹ́ bẹ́ǹṣì. Wọ́n á já wọn sílẹ̀ ní Àgọ́ Aláyè, ní Ajue, ní Omifunfun, níbi tó jẹ́ pé igbó ló ń kí àlejò káàbọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tíṣà tí ìjọba ń gbé wá. Èdè Ìkálẹ̀ tí à ń sọ máa ń rú wọn lójú. Tíṣà kan wà tó máa ń ní ká tún ọ̀rọ̀ sọ, ká tún un sọ. Nígbà tó yá ó fẹ́ ọmọ Ìkálẹ̀, kò sì ní kẹ́nikẹ́ni tún ohunkóhun sọ mọ́.

Bí ọdún Ògún bá wá dé, ẹ ò bá rí wa. Gbogbo ọkọ̀ tó wà ní gáréèjì la ó fọ̀, a ó so màrìwò mọ́ iwájú wọn títí iná wọn kò fi ní hàn mọ́. Lọ́dún kan, katikíìsì ìjọ kan kìlọ̀ fún àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yọjú sí gáréèjì lọ́jọ́ náà. A ti ń jó, ẹmu ti ń wọlé sí ni lára, àfi bí a ṣe rí ọkọ̀ Bàbá Rẹ̀mí tó ń rọra yí lọ fúnra rẹ̀. Kò sí awakọ̀ nínú rẹ̀, màrìwò kàn ń fẹ́ lọ́tùn-ún lósì. Ẹni tó yẹ kó fi òkúta há táyà rẹ̀ ti lọ bu ẹmu. A sáré tẹ̀ lé e, ife lọ́wọ́. Kò dúró títí tó fi wọ oko ẹ̀gẹ́ katikíìsì, àárín ebè ló rì sí. Katikíìsì jáde, ó wo ọkọ̀, ó wò wá. Ó ní, "Èmi ò wá síbi ọdún yín, ọdún yín ló wá bá mi." A rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, a sì bá a tún ebè rẹ̀ kọ.

Bàbá Rẹ̀mí tí mo dárúkọ yẹn, awakọ̀ ni, ará Omifunfun, ọ̀rẹ́ mi. Ọkọ̀ rẹ̀ ni mo kàn kẹ́yìn. Lẹ́yìn ìyẹn ni bọ́ọ̀sì onírin dé, tí wọ́n ti parí iṣẹ́ ara rẹ̀ láti òkè òkun, àwọn ènìyàn kò sì wá sọ́dọ̀ wa mọ́. Mo yà sí kíkan pósí àti àga ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn tí a jọ kọ́ṣẹ́ ń kú, Bàbá Rẹ̀mí náà kú. Nígbà tí mo wá já bọ́ lórí àkàbà, Bọ́lá, màmá yín, kó mi wá sínú ilé yìí. Nọ́ọ̀sì ni, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ bíi pé aláìsàn ni gbogbo ayé. Ó kó ayùn mi sínú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀, ó ti ìlẹ̀kùn, ó ní, "Bàbá, iṣẹ́ ti tán." Mo ní mo ti gbọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rìn kiri inú ilé.

Ẹ mọ Sánì ẹlẹ́ṣin. Ọmọ Hausa ni, ṣùgbọ́n Ore ni wọ́n bí i sí, ó sì gbọ́ Ìkálẹ̀ ju ẹ̀yin lọ. Bí ìlú kan bá ń fi ènìyàn joyè, bí wọ́n bá ń sìnkú arúgbó, òun ni wọ́n ń pè kó mú ẹṣin wá kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn lè gùn ún yí ìlú ká. Tírélà tó fi ń kó ẹṣin rẹ̀ kì í ṣe irú gbọọrọ tó ń ti Bìní bọ̀. Kékeré ni, wọ́n ń so ó mọ́ ìdí píkọ́ọ̀pù. Òyìnbó gẹdú kan tó fẹ́ràn ẹṣin ló fi í sílẹ̀ fún bàbá Sánì nígbà tó ń padà sílé. Irin ni ìhà rẹ̀, pákó ni ilẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì tẹ́ rọ́bà tó nípọn lé pákó náà kí ẹṣin má baà yọ̀.

Rọ́bà yẹn dára lójú. Ṣùgbọ́n ìtọ̀ ẹṣin ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ká a sókè wò. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, Sánì ń gbé ẹṣin kan ṣoṣo bọ̀ láti Odígbó. Abo ẹṣin ni, pupa rẹ́súrẹ́sú, Àlùbáríkà lorúkọ rẹ̀. Nítòsí ibí yìí, níbi tí ojú ọ̀nà ti bàjẹ́, Sánì dín eré kù. Ibẹ̀ ni pákó ti fọ́. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn Àlùbáríkà já wọ inú rẹ̀ títí dé itan. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ọkọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró, ojú títì ì bá gé ẹsẹ̀ náà lọ. Iwájú ilé yìí ni mo wà. Mo gbọ́ igbe kan tí n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí, mo sì ń sáré kí n tó rántí pé n kì í sáré mọ́.

Èrò ti pé lé e lórí. Táyé, ajórin tó ń ṣiṣẹ́ ní òdìkejì ọ̀nà, ti wọ abẹ́ tírélà lọ. Àwọn kan ní kó lo iná. Ayùn irin ló mú, ó ń fi ọwọ́ gé ọ̀pá irin tó há ẹsẹ̀ ẹṣin náà, ó ń gé e jẹ́jẹ́, ó sì ń bá ẹṣin náà sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Sánì di orí Àlùbáríkà mú, ó gbé iwájú orí tirẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n fi yọ ọ́, egungun kò ṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹran ẹsẹ̀ náà ti ya láti itan dé orúnkún. Bọ́lá fi omi iyọ̀ wẹ̀ ẹ́, ó fi báńdéèjì dì í. Ó ní, "Sánì, ènìyàn ni wọ́n kọ́ mi bí mo ṣe máa tọ́jú o. Wá dókítà ẹran."

Dókítà ẹran tí wọ́n rí pè wà ní Àkúrẹ́. Ó ní òun kò lè kúrò níbi iṣẹ́, kí wọ́n gbé ẹṣin náà wá kíákíá, kí egbò má baà ràn dé egungun. Wọ́n gbìyànjú ọkọ̀ tó ń kó màlúù, ó ga jù, ẹṣin tó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́ta dúró kò lè gùn ún. Tírélà Sánì nìkan ló ní ìlẹ̀kùn tó ń wó kanlẹ̀ bí afárá, òun náà ló sì ti dá ihò. Ní ọjọ́ kejì, alápatà kan bẹ̀rẹ̀ sí í kí Sánì ní ìkíni tó gùn jù, ojú rẹ̀ sì wà lára ẹṣin. Sánì ń dáhùn, kò wojú rẹ̀.

Èmi àti Táyé jọ ká rọ́bà yẹn sókè. Mo ti àtàǹpàkò bọ inú pákó náà, ó wọlé bí ẹni ti ọwọ́ bọ àkàrà. Táyé wọ abẹ́ rẹ̀, ó fọwọ́ kan irin, ìpẹtà ń já lulẹ̀. Ó ní, "Bàbá, mo lè fi irin pẹlẹbẹ tẹ́ gbogbo rẹ̀ lónìí, ṣùgbọ́n ẹṣin yìí á ṣubú lórí irin. Pákó ló yẹ ẹ́. Ẹ jẹ́ kí n pààrọ̀ àwọn ọ̀pá abẹ́ rẹ̀, kí ẹ̀yin wá pákó."

Pákó wo? Sánì fi píkọ́ọ̀pù gbé mi yí gbogbo ibi tí wọ́n ti ń la igi ní Ore ká. Ẹ̀rọ ń ké, igi ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀ bí búrẹ́dì, ṣùgbọ́n igi ọmọdé ni gbogbo rẹ̀, tútù, omi ṣì ń ṣẹ́ lára rẹ̀. Mo béèrè apá tó gbẹ. Ọmọkùnrin kan ní, "Apá kẹ̀, Bàbá?" Ó wò mí bíi pé mo béèrè erin. Ní ilẹ̀ Ore níbí. Mo dúró láàárín igi tútù wọ̀nyẹn, inú ń bí mi, n kò sì mọ ẹni tí mo ń bínú sí. Ṣùgbọ́n kì í tán nínú igbá osùn, ká má rí fi pa ọmọ lára. Bí a ṣe ń bọ̀ ni mo rántí ibi tí apá wà, tó ti gbẹ, tó nípọn, tí ọwọ́ ara mi fá. Mo ní kí Sánì yí ọkọ̀ padà, ká lọ sí Omifunfun.

Ẹ̀yìn ilé Bàbá Rẹ̀mí ni ọkọ̀ náà wà lábẹ́ igi máńgòrò. Wọ́n ti yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tà, orí òkúta ló jókòó lé, adìyẹ ń sùn nínú rẹ̀. Ìyá Rẹ̀mí, opó rẹ̀, ti fi páànù bo òrùlé rẹ̀, kò jẹ́ kí òjò kàn án. Ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí.

Mo ní, "Ìyá Rẹ̀mí, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

Ó ní, "Ọjọ́ mẹ́ta kọ́ nìyẹn, Bàbá Bọ́lá. Kí ló gbé yín dé?"

Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Mo sọ ti ẹsẹ̀ tó ya, ti dókítà Àkúrẹ́, ti igi tútù. Kò dá mi dúró, kò sì dáwọ́ ẹ̀gúsí dúró. Nígbà tí mo parí, ó ní, "Ẹ fẹ́ yọ ilẹ̀ ọkọ̀ ọkọ mi."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kí ẹṣin lè máa tọ̀ sí i."

Sánì dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú sí wa, Màmá."

Ó ní, "N kò bínú, ọmọ mi. Dìde. Mo kàn ní rárá ni."

A padà. Bọ́lá bá mi ní iwájú ilé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mò ń rìn lọ, mò ń rìn bọ̀. Ó ní kí n jókòó, ẹ̀jẹ̀ mi á ru. Mo ní ẹ̀jẹ̀ ẹṣin ni kó lọ wò.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀kadà kan dúró síbí yìí, Ìyá Rẹ̀mí sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó wé gèlè pinpin bíi pé ó ń lọ sóko. Kò kí mi pẹ́. Ó ní, "Ẹ mú mi lọ wo ẹṣin náà."

A bá Àlùbáríkà nínú àgbàlá Sánì. Ó gbé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún sókè, ó ń gbọ̀n láti ọrùn dé ìrù. Sánì ń fi ọwọ́ gbé omi sí i lẹ́nu, omi náà ń ṣàn sílẹ̀. Ìyá Rẹ̀mí dúró, ó ń wò ó.

Ó ní, "Kí ló ń gbọ̀n sí?"

Sánì ní, "Ibà ni, Màmá. Kò jẹun láti àná."

Ó sún mọ́ ọn, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn rẹ̀ bí a ṣe ń kan ọrùn ọmọ. Sánì ló kọjú sí, kì í ṣe èmi. Ó ní, "Nígbà tí ibà mú Rẹ̀mí, ó kéré, kò lè gbé orí dúró. Òjò ti ba ọ̀nà jẹ́. Bàbá rẹ̀ ti di àpò kòkó àwọn ènìyàn sínú ọkọ̀. Ó kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó tẹ́ ọmọ sórí pákó, èmi jókòó tì í, ó gbé wa lọ sí ọsibítù ní Oǹdó. Láti ìgbà yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá dùbúlẹ̀ ní Omifunfun, ilẹ̀ ọkọ̀ yẹn ni wọ́n ń gbé e sí. Kò sí ẹni tí ọkọ mi sọ fún rí pé kò sí àyè." Ó nu ọwọ́ sára ìró rẹ̀. "Ẹ wá lọ tú u. Ṣùgbọ́n ìṣojú mi ni ẹ ti máa ṣe é."

Mo wọlé lọ bá Bọ́lá, mo ní mo fẹ́ ayùn mi. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbé e jáde. Ó ní, "Ẹ ò gbọdọ̀ gun àkàbà." Mo ní, "Ilẹ̀ ni mo fẹ́ tẹ́, kì í ṣe òrùlé."

A lé adìyẹ jáde nínú ọkọ̀ náà. Àwọn bóòtù tó di pákó mú ti dípẹtà, Táyé ló gé wọn lórí. Èmi ni mo gbé pákó àkọ́kọ́, ó wúwo bíi pé àná ni mo gbé e síbẹ̀, ẹ̀yìn mi sì jẹ́ kí n mọ̀ pé kì í ṣe àná. Mo fá etí rẹ̀ díẹ̀. Lábẹ́ dúdú àti ìdọ̀tí, igi náà pọ́n, òórùn rẹ̀ sì jáde. N kò mọ bí màá ṣe ṣàpèjúwe òórùn apá fún ẹ̀yin. Mo ṣe bí ẹni pé ojú ayùn ni mò ń wò.

Láàárín àwọn pákó náà, níbi tí wọ́n ti gun àwọn ọ̀pá abẹ́ wọn, a rí ohun tí àwọn èrò ti já sílẹ̀: kóró kòkó tó ti gbẹ bí òkúta, bọ́tìnnì, ìyarun tó ti ká eyín, kọ́bọ̀ oníhò ti ayé òyìnbó, ìlẹ̀kẹ̀ ọmọdé. Táyé fẹ́ gbá wọn dànù. Ìyá Rẹ̀mí ní kó dúró. Ó kúnlẹ̀, ó ń ṣa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan sínú etí ìró rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì wà lójú rẹ̀. Ó ní, "Àwọn èrò rẹ̀ nìyí. Ẹ wo bí wọ́n ṣe pọ̀ tó." Lẹ́yìn náà ló bá wa gbé pákó sínú píkọ́ọ̀pù, nígbà tí a ní kó fi sílẹ̀, ó bínú.

Ní Ore, Táyé ti jó ọ̀pá irin tuntun sábẹ́ tírélà. Mo to pákó lé e lórí ní ìbú. N kò jẹ́ kí wọ́n fara kan ara wọn, mo fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ kí ìtọ̀ lè máa rí ọ̀nà jáde, nítorí ìtọ̀ tó dúró ló jẹ ti àkọ́kọ́. A fi ọ́ìlì dúdú tí àwọn mẹkáníìkì ń dà nù kun ìsàlẹ̀ wọn, a fi òkè sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí ẹsẹ̀ má baà yọ̀. Mo ri orí bóòtù wọlé kí pátákò ẹṣin má baà kọ ọ́. Táyé ń di ìdí bóòtù mú nísàlẹ̀, èmi ń yí i lókè, òun á ní "Ó kù díẹ̀," èmi á ní "Ó tó." Nígbà tí a tẹ́ ẹ tán, gbogbo wa gùn ún, a fò lórí rẹ̀ bí ọmọdé. Kò mì.

Ìṣòro tó kù ni pé Àlùbáríkà kò gbà. Wọ́n fà á dé ẹnu ìlẹ̀kùn tó wó sílẹ̀, ó gbóòórùn pákó, ó fà sẹ́yìn lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Sánì fi Hausa bẹ̀ ẹ́, ó fi Yorùbá bẹ̀ ẹ́. Wọ́n fi ọkà bàbà síwájú rẹ̀, kò wò ó. Báńdéèjì rẹ̀ ti ń pọ́n. Alápatà tí mo sọ dúró lábẹ́ igi, ó káwọ́ sẹ́yìn. Ó ní, "Ẹ má dá a lóró mọ́." Ó dùn mí pé kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìkà. Àánú ló fi sọ ọ́.

Nígbà náà ni Ìyá Rẹ̀mí bọ́ bàtà. Sánì ní, "Màmá, ẹ má wọ ibẹ̀, yóò tẹ̀ yín mọ́lẹ̀." Ìyá Rẹ̀mí gun pákó náà lọ dé iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn kékeré tí ènìyàn ń gbà jáde, ó jókòó sílẹ̀ lórí rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó fi ọwọ́ lé itan. Kò pe ẹṣin náà, kò wò ó. Ó kàn jókòó bí ẹni tó wọ ọkọ̀, tó ń retí kó kún.

Àlùbáríkà na ọrùn, ó ń fẹ́ imú. Ó gbé ẹsẹ̀ iwájú kan lé pákó, a gbọ́ ọ, gbì, ohùn igi tó le. Ó gbé e kúrò. Ó tún gbé e lé e. Sánì jọ̀wọ́ okùn sílẹ̀ pátápátá. Ẹsẹ̀ kejì tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tó yè, ó tiro, ó tún tiro, ó wọlé, ó sì gbé ẹnu lé orí Ìyá Rẹ̀mí, ó ń gbóòórùn gèlè rẹ̀. Ìyá Rẹ̀mí rọra gba ìlẹ̀kùn kékeré jáde. Táyé gbé ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn sókè, ó tì í. Alápatà náà ló bá a di apá kejì mú.

Bọ́lá ní òun ń bá wa lọ nítorí báńdéèjì, mo mọ̀ pé nítorí mi ni. A gba Oǹdó lọ. Gbogbo ibi tí ọ̀nà bá ti bàjẹ́ ni mò ń ní kí Sánì dúró, màá sọ̀ kalẹ̀, màá wo abẹ́, màá tún wọlé. Bọ́lá ní, "Bàbá, ẹṣin náà kò yọ yín lẹ́nu tó bí ẹ ṣe ń yọ wá lẹ́nu." Mo jẹ́ kó máa sọ ọ́. Etí mi wà lẹ́yìn. Nínú gbogbo ariwo ọ̀nà náà, mò ń gbọ́ pátákò lórí pákó, tó ń yí ẹsẹ̀ padà, tó ń wá ibi tó máa dúró sí, tó sì ń rí i.

Dókítà gé èyí tó ti kú nínú ẹran ẹsẹ̀ náà, ó rán ìyókù. Àlùbáríkà pẹ́ lọ́dọ̀ wọn ní Àkúrẹ́. Nígbà tí Sánì lọ gbé e bọ̀, ó ń tiro, ó ṣì ń tiro títí dòní. Wọn kì í gùn ún mọ́. Ẹni gun ẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀, òun náà sì ti bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ń gùn ún. Bí Ìyá Rẹ̀mí bá wá ná ọjà, ó máa ń gbé èèpo àgbàdo lọ fún un, ó sì máa ń lọ wo pákó tírélà náà, bíi pé ó jẹ ẹnìkan ní gbèsè ìbẹ̀wò.

Ẹ ti ń wo ọ̀nà, mo rí yín. Ó kù díẹ̀ kí n jẹ́ kí ẹ lọ. Ọjọ́ tí a dé láti Àkúrẹ́, mo bọ́ aṣọ, mo fi ara lélẹ̀, n kò mọ ohun tó tún ṣẹlẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́ ohùn, oòrùn ti wọ inú yàrá dé orí bẹ́ẹ̀dì. Bọ́lá kúnlẹ̀ tì mí, ó fi etí lé mi láyà. Ẹ mọ̀ pé n kì í sùn ju ìgbà tí àkùkọ bá kọ. Ó rò pé mo ti lọ. Mo la ojú, mo rí irun rẹ̀ tó ti ń funfun lábẹ́ àgbọ̀n mi.

Ó ní, "Bàbá, kí ló ṣe yín?"

Mo ní, "Kò sí ohun tó ṣe mí. Iṣẹ́ ni mo ṣe, ó rẹ̀ mí."

Kò gbé orí kúrò láyà mi. A wà bẹ́ẹ̀, òun ń gbọ́ àyà mi, èmi ń gbọ́ ọkọ̀ lójú títì. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó ní, "Ẹ tún sùn." Mo sì sùn.